Ẹ̀yìn Pátákó Bàbá Aláago

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń ṣe lónìí fún yín, kí ẹ rẹ́rìn-ín tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń sọ pákó tuntun di ògbólógbòó. Bí káfíńtà bá gbé pákó wá fún mi láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ ó máa búra pé ara ilé alámọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tú u, pé òjò àádọ́ta ọdún ló pa á. Orí rẹ̀ ni mo wá ń kọ ọ̀rọ̀ sí: orúkọ ilé oúnjẹ, orúkọ ìdílé, "Ẹ káàbọ̀", ohun tí oníbàárà bá ṣáà fẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ni mo ti ń ṣe é. Ìyá Ràfíù, ìyàwó mi, a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Àwọn èèyàn ń wá oògùn tí wọ́n á fi dọmọdé, ọkọ tèmi ń wá oògùn tí pákó á fi darúgbó."

Ọ̀rọ̀ náà pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín, nítorí pátákó tó ti gbó ni mo fi gbogbo ayé mi bá jà. Bí ó ṣe wá di iṣẹ́ ọjọ́ ogbó mi ni mo fẹ́ rò fún yín.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀ ní Bẹẹrẹ. Wọ́n bá ara wọn sọ ohun tí àgbà ń bá ara wọn sọ, wọ́n jẹ obì, bàbá mi padà sílé, èmi kù síbẹ̀. Pátákó kíkọ ni iṣẹ́ Ọ̀gá. Láyé ìgbà náà, ẹ kò lè rí ṣọ́ọ̀bù kan láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba tí kò ní pátákó lókè ilẹ̀kùn. Télọ̀ ní tirẹ̀, onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀, ayafọ́tò ní tirẹ̀, àní ìyá tó ń ta òwú pàápàá ní tirẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ lẹ́tà wò kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó mọ̀ ọ́n. "A" tiwọn máa ń na ẹsẹ̀ kan síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jáde nílé.

Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ní fìlà dúdú kan tí ọ̀dà ti sọ di aláràbarà. Wọn kì í pariwo. Bí o bá ṣe ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á wò ọ́, wọ́n á ní, "Alíù, ó rẹ̀ ọ́ ni?" Ìbéèrè yẹn, kò sí ìdáhùn rere fún un. Bí o bá ní kò rẹ̀ ọ́, wọ́n á ní tí kò bá rẹ̀ ọ́, kí ló dé tí iṣẹ́ rẹ fi rí báyìí. Bí o bá ní ó rẹ̀ ọ́, wọ́n á ní kí o lọ fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì inú ṣọ́ọ̀bù, pé iṣẹ́ ẹni tó rẹ̀ nìyẹn. Ọdún kejì ni mo tó gbọ́n tí mò ń dákẹ́.

Odidi ọdún kan ni n kò fi búrọ́ọ̀ṣì kan iwájú pátákó kankan. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo ń sẹ́ ọ̀dà nínú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin kí ìdọ̀tí àti irun má bàa bá a lọ. Mo ń fi sáńpépà ra pákó títí awọ ìka mi fi dán. Mo ń na okùn tí a fi ẹfun kùn, kí ìlà lè tọ́. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún wa jù ni, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọ̀dà ṣì tutù." Àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń sín wọn jẹ bí wọ́n bá lọ kírun.

Níbo la ti wá kọ́ lẹ́tà? Ẹ̀yìn pátákó. Ọ̀gá kò lè fi pákó ṣòfò nítorí ọmọ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti wọlé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, a ó dà á dojú bolẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan á sì fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá á dé tàwọn ti búrọ́ọ̀ṣì tínńrín àti ọ̀dà pupa. Ibi tí ikùn "D" kò bá ti yọ dáadáa, wọ́n á fi pupa yọ ọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gùn jù, wọ́n á gé e. Wọ́n á tún kọ lẹ́tà tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kí n lè wo bí ó ṣe yẹ kó rí. Bí iṣẹ́ náà bá wá burú, wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Tún un kọ." Ẹ̀yìn pátákó mìíràn tó bá wọlé ni n ó ti tún un kọ. Oníbàárà kò mọ̀ nípa gbogbo èyí, nítorí ògiri ni ẹ̀yìn pátákó ń kọjú sí.

Ó sú mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí yìí náà ni mo ṣe ń jìyà tó báyìí?"

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ògiri á rí i."

Òfin wọn mìíràn tún wà, òun ló sì fa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń lọ tí ọyẹ́ kò tíì dé, wọ́n á kó wa jáde tàwa ti àkàbà, àkísà àti agolo ọ̀dà. A ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, a ó gòkè gba ẹsẹ̀ Màpó. Ibi tí a bá ti rí pátákó wọn tó ti ṣá, a ó gun àkàbà, a ó fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un kùn. Wọn kì í bi onípátákó. Onítọ̀hún kàn máa jí lọ́jọ́ kejì ni, á rí i pé ojú ṣọ́ọ̀bù òun ti mọ́. "Pátákó tó bá ṣá, ọwọ́ mi ló ṣá," ni Ọ̀gá máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí léegun. Títí mo fi gba òmìnira, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́sẹ̀ òkè Màpó, títí Ọ̀gá fi kú tí a sì sin wọ́n sí ilé wọn, bí mo bá rí pátákó tó ti ṣá, ara mi kì í gbà á. Mo máa ń rò pé ìyà ń jẹ ẹnì kan níbẹ̀.

Ẹ ti mọ ìyókù. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀rọ tó ń fín ọ̀dà kọ́kọ́ dé, mo rà á, mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí rọ́bà tí wọ́n ń pè ní báńnà. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní rọ́bà á ya. Òótọ́ ni, ó ń ya, ṣùgbọ́n kí n tó po ọ̀dà tán, wọ́n á ti tẹ òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú pátákó sílẹ̀ káàkiri ìlú. Òmíràn di igi ìdáná, òmíràn di ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Lọ́jọ́ kan ní Bẹẹrẹ, mo rí "A" Ọ̀gá mi lórí gọ́tà, wọ́n fi í ṣe afárá, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Mo dúró síbẹ̀ títí ọlọ́kadà kan fi ní kí n kúrò lójú ọ̀nà. Ọdún yẹn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì mi wálé. Ó dùn mí gan-an, n kò ní pa irọ́ fún yín.

Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni obìnrin kan gbé pátákó wá bá mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Aṣọ ìbùsùn ló fi wé e. Tíṣà Fọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó jókòó ti pátákó náà bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn.

Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Wọ́n ní ẹ ti ṣe iṣẹ́ pátákó rí. Ti bàbá mi nìyí. Aago ni wọ́n ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ kí wọ́n tó kú. Ìyá wa náà ti wá lọ báyìí, a sì ń palẹ̀ ilé mọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó àga, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì. Èmi ní pátákó yìí nìkan ni mo fẹ́."

Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n bá yín ṣe sí i?"

Ó ní, "Ó ti là láàárín. Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ kan ìkọ́ sí i kí n lè gbé e kọ́ pálọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé ó sọ ọ́.

Bí ó ṣe lọ tán ni mo tú aṣọ náà. Ojú pátákó ti di eérú. Òjìji lẹ́tà ló kù níbẹ̀: "ADÉÒJÒ. A Ń TÚN AAGO ṢE NÍHÌN-ÍN," pẹ̀lú àwòrán aago roboto kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ìtìjú bá mi. Mo ní ọmọ yìí á gbé bàbá rẹ̀ kọ́ pálọ̀ báyìí, kí àlejò máa wò ó? Mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ó ṣe wí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ṣùgbọ́n àṣejù baba àṣetẹ́. Mo da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ìwé, mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń fá ọ̀dà, mo fá a. Mo fi sáńpépà ra á títí pákó fi yọ ojú. Mo dí gbogbo ihò ìṣó. Mo kùn ún ní funfun, mo fi búlúù kọ lẹ́tà, mo ya aago tuntun sí i. Ọwọ́ aago náà, mo gbé e sí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí bí gbogbo àwa akọ̀pátákó ṣe ń ya aago nìyẹn. Ó máa ń dà bí ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì máa ń fani mọ́ra. Mo pe Ìyá Ràfíù wá wò ó. Inú mi dùn, n kò tíì rí ara mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Tíṣà dé. Mo ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, pátákó mi dà?"

Mo ní, "Òun nìyí. Mo kàn fi ìyẹn ṣe yín lóore ni."

Ó fi ìka kan aago náà. Ó ní, "Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wà níbí. Ìgbà tí wọ́n bí mi ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde pé ìyá mi ti bímọ, bàbá mi wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì lọ bẹ akọ̀pátákó pé òun ni kó kọ síbẹ̀. Bí mo bá ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé mi sókè kí n fọwọ́ kàn án. Ibi tí ìka mi máa ń kàn ti jẹ wọnú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tó dárúkọ aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo rántí ọkùnrin kan. Ní gbogbo ayé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó yan ìgbà fún aago orí pátákó. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹẹrẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Ọmọ iṣẹ́ ni mí. Èmi ni mo dá sí ọ̀rọ̀ náà, mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa ń kọ?" Ọ̀gá wò mí. Wọ́n ní, "Alíù, ó rẹ̀ ọ́ ni? Aago ta ni?" Wọ́n sì kọ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́.

Ọwọ́ Ọ̀gá mi ni mo fá dànù. Bóyá òun ló sì kẹ́yìn nílùú yìí tí wọn kò tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ "A" tó na síwájú wà níbẹ̀, n kò wò ó. Ìtìjú nìkan ni mo wò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tíṣà, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín. N kò lè gbé e lọ sílé báyìí." Ó ká aṣọ ìbùsùn rẹ̀, ó sì lọ.

Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ràfíù gbé àwo kúrò níwájú mi, ó ní, "Bàbá Ràfíù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣebí pákó ọkùnrin náà ṣì wà ńlẹ̀? Ẹ dìde kí ẹ lọ bá pákó náà sọ̀rọ̀."

Mo dìde. Mo gbé pátákó náà, mo dà á dojú bolẹ̀. Páànù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí onípátákó ti kàn mọ́ ọn nítorí òjò. Ó ti dípẹtà. N kò bìkítà fún un nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo fà á yọ kí n lè rí bí pákó ṣe rí níbẹ̀. Lẹ́tà ni mo bá pàdé. Wọ́n wọ́, wọ́n fẹ̀, wọ́n ń gun ara wọn lẹ́yìn. Mo mọ̀ wọ́n lójú kan náà. Ọwọ́ èmi Alíù ni, nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Pupa wà lára gbogbo wọn. Ọ̀gá ti yọ ikùn "D", wọ́n ti gé ẹsẹ̀ "G", wọ́n sì ti kọ "A" tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ kan síwájú. Páànù kò jẹ́ kí oòrùn rí i, pupa náà ṣì mọ́. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Tún un kọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tó ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.

Mo tún un kọ. Mo fá ọ̀dà tuntun tí mo kùn ún dànù, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi ṣe é. Mo kọ́kọ́ fi àjákù pákó dánra wò, nítorí ta ló kọ́ mi bí nǹkan ṣe ń gbó? Mo fi iná ra àkọ́kọ́, ó di èédú. Mo fi eérú ra èkejì, òjò kan ṣoṣo ló fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bí mo bá fi omi tíì tó ki dáadáa pa pákó, tí mo wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo ti rẹ ìṣó tó dípẹtà sí kùn ún, pákó á ṣú bí ẹni tó ti rí ayé. Mo fi àbẹ́là ra àwọn ibì kan kí n tó kùn ún, kí ọ̀dà má bàa di ibẹ̀ mú, kí ó lè bó bí mo bá fi sáńpépà kàn án. Mo gbé e sórí òrùlé fún oòrùn. Lẹ́tà náà, ẹ̀yìn pátákó ni mo ń wò kọ ọ́, bí ọmọ tó ń wo ìwé. Bí "A" mi bá rí bíi tèmi, mo pa á rẹ́. Àwọn èèyàn wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Aṣọ tuntun rọrùn. Àkísà ni mo jìyà kí n tó rí dá. Mo gbé ọwọ́ aago sí mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo sì fi àtàǹpàkò mi ra ibẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi jẹ wọnú.

Nínú pálọ̀ Tíṣà ni àwọn àlejò ti wá rí i, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é, tí wọ́n sì ń wá mi wá títí dòní. Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ tó wá gbé e.

Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó gbé ìka rẹ̀ sí ibi tó jẹ wọnú, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe òun."

Mo ní, "Mo mọ̀, Tíṣà. Kò lè jẹ́ òun mọ́."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "N ó máa gbé e lọ."

Kó tó wé e, mo ní kó dúró. Mo da pátákó náà dojú bolẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ó wo àwọn lẹ́tà wíwọ́ yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló kọ jágbajàgba yìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ pátákó bàbá yín ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi ló máàkì í."

Ẹ̀rín náà lọ lójú rẹ̀. Ó fi ìka tọ gbogbo pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, ó ka ohun tí Ọ̀gá kọ síbẹ̀. Ó yí pátákó padà, ó wo iwájú. Ó tún yí i padà, ó wo ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹ ní ọ̀dà pupa nílé?"

Mo fún un, mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tínńrín. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, obìnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Lábẹ́ ibi tí Ọ̀gá ti kọ "Tún un kọ," ó fa ìlà kúkúrú kan wálẹ̀, ó sì fà á gòkè fọ̀ọ̀, bí tíṣà ṣe ń ṣe fún ọmọ tó bá gbà á.

Omi dà lójú mi. Mo na ọwọ́ kí n fi kan ibẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọ̀dà ṣì tutù."